Àdá Ọjọ́ Ọjà

“Cornelius, ìwọ ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ. Ṣé òótọ́ ni ohun tí ọmọ yìí wí?”

Lọ́jà, olórí Òkè-Ahùn, na ọwọ́ sí Fadékẹ́, nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé wá sí ìlú náà láti Iléṣà ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó gbá ìwé àkọsílẹ̀ òkú ilé ìwòsàn mọ́ àyà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tirẹ̀ tán ni. Láti ọdún 1952 títí di 1956 tí wọ́n wà yìí, ọkùnrin mọ́kànlá ni àdá ti pa ní Òkè-Ahùn. Mẹ́sàn-án nínú wọn kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, nílé ẹlẹ́mu. Kì í ṣe ọ̀tá ló pa wọ́n. Ọ̀rẹ́ àti ìbátan ni, tí wọ́n jọ ti oko kòkó dé, tí wọ́n gbé àdá wọ ibi ọtí. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí akéde kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú àdá wọlé ẹmu mọ́. Lábíkẹ́ ẹlẹ́mu ti gbà láti máa gbà á lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Akéde ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, agogo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Cornelius wolẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ń wẹ egbò, tó ń di egbò, ní ilé ìwòsàn ìlú yìí. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá sínú ìwé yẹn. Lọ́jà kò pè é rí kó wá jókòó sórí ẹní ààfin rẹ̀ yìí. Ní báyìí, àwọn ìjòyè ń mi orí sí ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò tó àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ bá Fadékẹ́. Dókítà tó ń wá lóṣooṣù ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ta ló bọ Cornelius lọ́wọ́ rí?

“Kábíyèsí,” ó ní, “ọmọdé ni. Ìjà kò mọ ọjọ́ ọjà. Ẹni tó bá máa jà, á jà.”

Lọ́jà mí kanlẹ̀. “Ìwọ lo pẹ́ jù nídìí ẹ̀. Ó dáa. Akéde, máa lọ sílé.”

Lójú ọ̀nà, Fadékẹ́ kò bá Cornelius jà. Ó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọmọ ti í tẹ̀ lé bàbá rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì tún bí Cornelius nínú. Òjòwú kò lẹ́ran láyà, ìyá rẹ̀ a máa wí bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ pa àyà. Egungun ló bá níbẹ̀.

Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ náà; aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù nígbà tí wọ́n gbé Ọmọ́yẹlé láti ilé ẹlẹ́mu dé ilé ìwòsàn lórí pákó, àdá ti gé e nítan. Kò sẹ́ni tí kò mọ Ọmọ́yẹlé ní Òkè-Ahùn, nítorí òun ló ń pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín. Béjidé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, wà lára àwọn tó gbé e.

“Àwàdà ló fi ìyàwó mi ṣe,” Béjidé ní. “Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ ìgbà tí mo fa àdá yọ.”

Fadékẹ́ fi aṣọ di òkè itan náà le. Cornelius fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ojú ọgbẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Iléṣà, ṣùgbọ́n ẹrù ọjà ni wọ́n ṣì ń já nínú ọkọ̀ náà. Lábẹ́ ọwọ́ Cornelius, ẹ̀jẹ̀ rọra ń dín kù, ó sì dá. Kì í ṣe pé ó san. Èyí tó kù ni kò sí mọ́.

Nígbà tí àwọn ará ilé gbé òkú lọ, Fadékẹ́ ṣí ìwé síwájú rẹ̀. Cornelius kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́. Ó ṣí ojú ìwé padà sẹ́yìn, ó tún ṣí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

“Oṣù mẹ́jọ péré,” ó ní, kò gbójú sókè. “Báwo lo ṣe rí i?”

“Ẹ̀yin ni mo wò, Bàbá.”

“Èmi?”

“Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ọjà lẹ máa ń ya aṣọ funfun tí a fi ń di ọgbẹ́, tí ẹ máa ń sè é, kí a tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ kì í ṣe é lọ́jọ́ mìíràn. Mo wá ń bi ara mi pé ta lẹ ń retí. Ìgbà náà ni mo ṣí ìwé.”

Cornelius pa ìwé dé, ó gbé e lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́.

“Dìde ká padà sọ́dọ̀ Lọ́jà. Ìwọ ni kó o sọ̀rọ̀. Èmi á sọ pé mo purọ́.”

Fadékẹ́ ṣíwájú. Cornelius dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Kó tó bọ́jú, kó tó lọ dáhùn lọ́dọ̀ Lọ́jà, ó ti ya aṣọ tí wọ́n fi di itan Ọmọ́yẹlé.