Ọwọ́ Kan Etí

"Má yí orí ẹ," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì tún fa apá ọmọ náà gba àtàrí kọjá. "Bí o bá yí orí, tíṣà á mọ̀. Orí á dúró, apá á lọ bá etí. Ó yá."

Ṣàkírátù fi eyín gé ètè, ó na ọwọ́ ọ̀tún lórí, ó ń wá etí òsì. Ìka àárín kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, ó tún yọ̀. Ìyá Àgbà bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ń ra ọmọ ọmọ rẹ̀ léjìká, ó sì ń sọ ohun kan sí i létí. Sàúdátù, ìyá ọmọ, tó ń wé gèlè lẹ́nu ọ̀nà, kò gbọ́ ohun tó ń sọ, kò sì fi ọkàn sí i. Láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni àwọn méjèèjì ń ṣe báyìí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ti dé. Ta ló kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀ tí tíṣà á máa béèrè? Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí ti tó ilé-ìwé. Èyí tí kò bá kàn án, kó padà sílé lọ jẹ ẹ̀kọ sí i.

Lára ògiri tó wà lẹ́yìn wọn, ìjọba ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà. Gbogbo agboolé náà, nínú Ìsàlẹ̀ Èkó, ni wọ́n máa wó. Wọ́n ní ó ti há jù, àìsàn ń gbé inú rẹ̀, bóyá òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n inú yàrá yẹn ni wọ́n sin ọkọ Ìyá Àgbà sí, lábẹ́ ibi tó ń tẹ́ ẹní sí gan-an, a kì í sì í di ilẹ̀ mọ́ ẹrù. Yẹ̀kínnì, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọkọ Sàúdátù, igi gẹdú ló ya lù ú níbi ìlàgi ní Makoko. Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀ ni Sàúdátù kúnlẹ̀, tó ní, "Màmá, ibi tí mo bá ń gbé lẹ̀yin náà ó máa gbé." Gbogbo ẹbí ló gbọ́ ọ.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Láàárọ̀ yìí, ilé ni Sàúdátù ń lọ wò kó tó mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ máa mọ̀wé. Ó fa Ṣàkírátù lọ́wọ́, ó di Sùúrùlérè, níbi tí ìjọba kọ́ ilé sí fún àwọn tí wọ́n máa wó ilé wọn.

Ilé tuntun tò lọ bẹẹrẹ níbẹ̀, funfun báláú, omi ẹ̀rọ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀gbẹ́ni Adéníran, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ti kó débẹ̀, jáde sí wọn. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ó sì rọra wo ọwọ́ Sàúdátù tó dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Màdáámù?"

"Aláró ni mí, sà."

"Háà. Ẹgbẹ́ wa ò gba ìkòkò aró o. Ẹ ò lè dáná síta, ẹ ò lè sá aṣọ síwájú ilé. Tọkọtaya àtọmọ ni wọ́n sì kọ́ ilé yìí fún. Kì í ṣe agboolé."

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó bu omi fún ọmọ nínú ife gíláàsì, ó sì fi ilé-ìwé tó wà ní ìkọjá ọ̀nà hàn wọ́n, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọrin nínú aṣọ funfun. Ṣàkírátù ń wò wọ́n, ó gbàgbé omi sọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń san níbẹ̀, aró ló sì ń mú owó wọlé fún ìyá rẹ̀. Kí wọ́n gba ìkòkò lọ́wọ́ ènìyàn, kí wọ́n tún ní kó wá sanwó ilé-ìwé! Sàúdátù dúpẹ́, ó gba ife lọ́wọ́ ọmọ, inú bí i débi pé omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n wọ bọ́lẹ̀kájà, ó di Mushin.

Mushin kò sí lábẹ́ Èkó. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ni ín, wọ́n sì ti sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Onílé kan ti fi yàrá hàn án lọ́sẹ̀ tó kọjá, tòun ti ẹ̀yìnkùlé tí ìkòkò aró máa gbà dáadáa. Ọjọ́ náà sì ni ìforúkọsílẹ̀ ọmọ máa parí.

Abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ ni ilé-ìwé wà, ọmọ há mọ́ ọmọ lórí pákó. Ọ̀gá tíṣà di orí Ṣàkírátù mú kó má baà yí. Apá gba àtàrí kọjá, ìka dé etí, ó tilẹ̀ dì í mú.

"Ọmọ ti tó," ni ọ̀gá wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ Mushin nìkan la lè gbà. Àwọn ará Èkó ń gbọ́mọ sá wá síbí. Ẹ jẹ́ kí alága ẹgbẹ́ onílé wá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé àdúgbò yìí lẹ ń kó bọ̀, kí n tó pa ìwé orúkọ dé."

Abẹ́ igi fúrúùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ni wọ́n bá àwọn onílé, wọ́n ń retí ìrun aláásárì. Bàbá Ṣàíbù ni alága wọn. Ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ títí, ó mi orí.

"Ìwọ àti ta ló ń bọ̀?"

"Èmi àtọmọ mi, Bàbá."

"Kò sí àgbàlagbà lọ́dọ̀ rẹ?"

Sàúdátù tún gèlè rẹ̀ ṣe. Bàbá Ṣàíbù mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

"Má bínú, ọmọ mi. Lọ́dún tó kọjá, ayálégbé kan sin ìyá rẹ̀ sínú yàrá kílẹ̀ tó mọ́. Ta ló máa lé ọmọ kúrò lórí ibojì ìyá rẹ̀? Títí dòní, onílé ń wo ilé rẹ̀ lókèèrè. A ti fi Kùránì búra: ayálégbé kankan ò tún gbọdọ̀ mú arúgbó wọ àdúgbò yìí."

Òótọ́ ni, Sàúdátù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà ti ń sùn lórí irú ibojì bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, kò sì sẹ́ni tó lè lé wọn kúrò níbẹ̀ rí, àfi ìjọba. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àgbà márùn-ún ló sì jókòó síwájú rẹ̀ yìí. Ó fẹ́ bẹ̀ wọ́n. Ó fẹ́ sọ pé ìyá kan wà nílé tí kò ní ẹlòmíràn. Ó la ẹnu.

"Ìyá Àgbà ti kú," ni Ṣàkírátù wí.

Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere. Ó ń wo iwájú gbọnrangandan.

"Ìnnà lílláhì!" ni àwọn àgbà wí lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Ṣàíbù la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ṣàdúrà kí Ọlọ́run forí jì í, kó ṣe ibojì rẹ̀ ní fífẹ̀, kó fún àwọn tó fi sílẹ̀ ní sùúrù. Gbogbo wọn ṣàmín. Wọ́n wo Sàúdátù.

"Àmín," ni Sàúdátù wí.

Alága bá wọn lọ sí ilé-ìwé. Wọ́n kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀.

Ní ìdí ọkọ̀ ni Sàúdátù ti gbá ọmọ náà lápá mú, ọwọ́ kejì ti wà lókè láti fọ́ ọ létí.

"Ta ló kọ́ ẹ nírú ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ìyá Àgbà ni." Ṣàkírátù bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. "Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá béèrè àwọn, ohun tí mo máa sọ nìyẹn. Wọ́n ní kí n má yí orí wò yín. Bí mo bá wò yín, wọ́n á mọ̀."

Ọwọ́ Sàúdátù wálẹ̀. Ó rántí Ìyá Làbákẹ́, ọ̀rẹ́ Ìyá Àgbà, tí ọmọ rẹ̀ mú lọ́wọ́ kó lọ sí Mushin. Láìpẹ́ yìí ni arúgbó náà padà wá, òun nìkan pẹ̀lú ẹrù orí rẹ̀, tí àwọn méjèèjì jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ ṣì kù díẹ̀ nígbà tí wọ́n délé. Ìyá Àgbà ti fi okùn di ìkòkò aró pọ̀, ó ti ká aṣọ Ṣàkírátù sínú àpótí. Aṣọ tirẹ̀ ṣì wà lórí okùn níbi tó máa ń wà.

"Ṣé ọwọ́ kan etí?"

"Ó kàn án, Màmá."

Arúgbó náà yíjú sí ọmọ. "Orí ńkọ́?"

"Mi ò yí i."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó ní kó wá jẹun. Lẹ́yìn ìrun ìṣáì, ó tẹ́ ẹní sí ibi tó ti ń tẹ́ ẹ sí láti ọjọ́ tó ti di opó, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ ibẹ̀ kó tó sùn sí i. Sàúdátù jókòó tì í. Ó fẹ́ bi í pé, "Màmá, ibo lẹ máa wá lọ?" Ìgbà náà ló mọ̀ pé láti Mushin títí délé, òun kò tíì bi ara òun ní ìbéèrè yẹn. Iye ìkòkò tí ẹ̀yìnkùlé náà máa gbà lòun ń rò bọ̀ lọ́nà.

"Bá mi pa àtùpà yẹn," ni Ìyá Àgbà wí.

Ó pa á.