Abẹ́rẹ́ Méjì Tí Késárì Kò Gbà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti fẹ́ ọkọ mi. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní èbúté Heysham, ní òdìkejì òkun sí erékùṣù wa, bi mí lórúkọ rẹ̀, mo sì ní láti ronú kí n tó dáhùn.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá gbé ní Peel, ìlú àwọn apẹja tiwa, ló máa yé. Ní Peel, orúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún èèyàn, ọjọ́ ìrìbọmi yẹn ló wà fún, àti ọjọ́ ìsìnkú. Láàárín méjèèjì, ohun tí àwọn apẹja bá pè ọ́ ni wàá máa jẹ́. Ọkọ mi, Partan ni. Akàn ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè àwọn baba ńlá wa, torí pé láti kékeré ló ti ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí ẹni tó fẹ́ yọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà rẹ̀ pè é ní Partan. Àlùfáà tó so wá pọ̀ pè é ní Partan níwájú pẹpẹ, ó wúkọ́, ó tún un pè. Lẹ́tà tí wọ́n bá kọ "Partan, Peel" sí lára lásán, ọ̀la ló máa délé wa.

"Orúkọ wọn, mà?"

"Késárì," ni mo wí. "Késárì Evan Kinrade."

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. "Késárì? Bíi ti inú Bíbélì?"

"Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò sì sí mọ́ láti wá tọrọ àforíjì."

Partan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi nínú mọ́tò, báńdéèjì bo ojú rẹ̀ kan, ìkejì ń ṣomi. "Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ o," ló wí. "Ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, inú omi ló bá ara rẹ̀."

Ọmọbìnrin náà tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó wá ṣe ojú tí àwọn tó wà lẹ́yìn gíláàsì máa ń ṣe, ojú àánú tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nígbà mẹ́wàá lójúmọ́.

"Tiyín dáa, mà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára méjì, ó sì ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹ lè wọlé. Ṣùgbọ́n Késárì Kinrade kò gba abẹ́rẹ́ kankan."

"Èmi?" Partan ká apá ẹ̀wù sókè. "Ẹ̀ẹ̀mejì! Apá yìí wú fún ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ bi ìyàwó mi bí mo ṣe ń kérora."

"Ó kérora," ni mo wí. Ìyẹn o, mo lè búra sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀. Láti ìgbà tí kòrónà ti bẹ̀rẹ̀ ni erékùṣù wa ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Àlejò ò wọlé. Ọmọ onílé tó bá jáde, tó bá padà, ó di inú ilé fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ojú Partan sì ti ń ṣókùnkùn, ó di dandan ká gbé e sọdá sí Liverpool fún iṣẹ́ abẹ. A ṣírò ọjọ́ wa dáadáa: ká lọ, ká bọ̀, ká ti ara wa mọ́lé, ká jáde, kí Aalish, ọmọ wa kan ṣoṣo, tó bímọ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Liverpool la ṣì wà nígbà tí òfin tuntun dé: abẹ́rẹ́ méjì àti ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, kó o máa wọlé fàlàlà. Partan jó nínú ilé ìwòsàn títí wọ́n fi ní kó jókòó. Ṣùgbọ́n òfin náà ní ìrù: tí ẹnì kan ṣoṣo nínú mọ́tò ò bá tíì gbà á, gbogbo ẹni tó wà nínú mọ́tò náà ló máa gbélé fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ tá a fẹ́ padà, ní aago mẹ́fà àárọ̀, Aalish pè. Omi ọmọ ti já.

Finlo, ọkọ rẹ̀, ẹnjiníà ni nínú ọkọ̀ ńlá kan. Oṣù keje rèé tí wọn ò tíì jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, torí kò sí èbúté tó fẹ́ rí wọn. Nítorí náà kò sẹ́ni kankan lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò fẹ́ dókítà," Aalish wí. "Ẹ̀yin ni mo fẹ́, Mọ́mì. Ẹ máa bọ̀."

Ní báyìí tá a wà níwájú gíláàsì ní Heysham, aago kan ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Aago méjì ni wọ́n máa ti géètì ọkọ̀ ojú omi.

Mo pe ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Douglas, olú ìlú wa. Obìnrin kan gbé e, mo sì gbé ohùn rẹ̀ síta.

"Kinrade wo?" ló bi mí. "Ti Peel àbí ti Foxdale?"

"Ti Peel."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Juan Kinrade, tó ní ọkọ̀ pupa nígbà kan."

"Áà! Ṣé kì í ṣe Partan lẹ ń sọ?"

"Òun ni!"

"Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ Partan? Ẹ dúró... Òun rèé! Partan Kinrade. Abẹ́rẹ́ méjì. Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

Mo fẹ́ fi ẹnu ko fóònù lẹ́nu. Ọmọbìnrin ẹ̀yìn gíláàsì ò rẹ́rìn-ín. "Ìwé ìrìnnà wọn sọ pé Késárì, mà. Mi ò lè jẹ́ kí Késárì wọlé lórí abẹ́rẹ́ ẹlòmíì."

"Èmi ni ẹlòmíì náà!" Partan wí.

"Ẹni tó kọ orúkọ yẹn nìkan ló lè tún un kọ," obìnrin Douglas wí. "Nọ́ọ̀sì tó gún un ní Peel. Tó bá ti tún un kọ, kíá ló máa hàn."

Ìgbà yẹn ni mo rántí, inú mi sì bàjẹ́. Mo wà níbẹ̀! Mo jókòó ti Partan nínú gbọ̀ngàn. Onnee Skillicorn, nọ́ọ̀sì wa, ló wà nídìí tábìlì, èmi àti ẹ̀ jọ lọ síléèwé. Kò bi ẹnikẹ́ni lórúkọ. Kí ló fẹ́ bi wá sí? Ó mọ gbogbo wa láti inú ìlédìí. Ó kọ Partan. Mo rí i tó ń kọ ọ́. Mo tiẹ̀ sọ fún un pé kó rí i dájú pé K ló fi bẹ̀rẹ̀ Kinrade.

Mo pe Onnee. Fóònù ń dún, kò gbé e. Dájúdájú. Tí Onnee bá ti pa ilẹ̀kùn iṣẹ́ ní aago kan, inú òkun ló máa ń wà, òjò ni o, oòrùn ni o. Mo pe Jinny, tó ń ta áísìkiriìmù létíkun.

"Ó wà lọ́hùn-ún," Jinny wí. "Mo ń rí fìlà pupa rẹ̀."

"Pè é jáde!"

"Ìlà àwọn oníbàárà mi gùn, Blaanid."

"Aalish ń rọbí!"

Mo gbọ́ tó pa fèrèsé ìtajà rẹ̀ gbàgà. Mo wá gbọ́ ohùn Jinny, ohùn tó lè dá ọkọ̀ padà láti Ireland. "ONNEE! JÁDE NÍNÚ OMI!" Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà bá a kígbe, wọn ò tiẹ̀ mọ ìdí.

"Ó ti gbọ́?" ni mo bi í.

"Ó ń juwọ́ sí wa."

"Ṣé ó ń bọ̀?"

"Rárá. Ó ń kí wa ni. Wòó, ọ̀gbẹ́ni kan ti pariwo pé ẹja ekurá wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀! Á sáré jáde."

"Blaanid. Onnee lo ń sọ yẹn? Ó ti kẹ̀yìn sí wa. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ wò ó."

Mo ti gbàgbé pé Peel ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ekurá tó máa ń wá sọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì, ṣùgbọ́n ohun wíwẹ́ inú omi nìkan ló ń jẹ. Níbòmíì, tí wọ́n bá pariwo ekurá, àwọn èèyàn á sá jáde. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n á sá wọlé.

"Àwọn oníbàárà mi ti ń bọ́ bàtà," Jinny wí. "Ta ló máa ra áísìkiriìmù báyìí?"

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn mọ́tò tó wà níwájú ti ń wọ inú ọkọ̀ ojú omi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yí mọ́tò po, mo tún wọlé. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo pa á. Aalish tún pè.

"Mọ́mì, níbo lẹ dé?"

"A ti wà lórí ìlà, olólùfẹ́ mi."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni ìrora náà ń..." Mo gbọ́ èémí rẹ̀ bó ṣe ń lọ, tó ń bọ̀. "Ṣé ẹ máa bá mi?"

"Màá bá ọ," ni mo wí. Mo pa fóònù kó má bàa gbọ́ èémí tèmi.

Partan ti gbọ́. "Wakọ̀ lọ," ló wí.

"Dákẹ́."

"Òfin ní gbogbo ẹni tó bá wà nínú mọ́tò. Tí mi ò bá wá sí nínú mọ́tò ńkọ́?"

"Ojú kan lo fi ń ríran. Láàárọ̀ yìí o kí àgbékọ́ aṣọ pé ẹ káàárọ̀."

"Ó jọ dókítà. Gbọ́, Blaanid. Nígbà tó o bí Aalish, níbo ni mo wà?"

"Lójú omi. Ò ń wá ẹja."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Ìyá rẹ."

"Ṣé àárò mi sọ ọ́?"

"Rárá," ni mo wí. Òtítọ́ náà já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó dì í mú.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣí ilẹ̀kùn."

Kò dúró kí n ṣí i. Ó fẹ̀gbẹ́ yọ jáde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó gbé fíláàsìkì tíì àti búrẹ́dì tá a fi ẹja yíyan sí láàárín. Ó forí gbá òpó kan, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òpó náà. Ọmọbìnrin ẹ̀yìn gíláàsì sáré jáde.

"Bàbá, níbo lẹ ń lọ?"

"Mi ò sí nínú mọ́tò yẹn mọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin yẹn nìkan ló ń wọlé."

Ó wojú mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, mà?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò fi ọkùnrin yìí sílẹ̀ sórí ilẹ̀ rí. Òun ló máa ń fi mí sílẹ̀ wọ inú omi. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

"Kọ ọ́," ni mo wí.

Mo wakọ̀ lọ. Nínú dígí mo rí i tó dúró pẹ̀lú báńdéèjì rẹ̀, tó ń fi tọkàntọkàn juwọ́ ó dàbọ̀ sí tírélà kan tó ru ànàmọ́.

Ìgbà tí wọ́n ti fa afárá ọkọ̀ sókè, tí àyè tó wà láàárín èmi àti èbúté ti tó ojú ọ̀nà kan, ni iṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi. Jinny ni. "Onnee ti jáde. Kò rí ekurá kankan, inú ń bí i. Ó sáré pẹ̀lú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ àti ẹsẹ̀ lásán gba àárín ìlú. Ó ti tún orúkọ kọ. Késárì ni."

Mo bú òkun. Mo bú kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin Heysham tẹ̀ mí láago pé kí n má bínú, ọkọ̀ tó kàn ló máa gbé Bàbá, ó sì di òru. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ni ìrìn àjò náà, mo fi ẹsẹ̀ rìn ín tán: láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn, láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ọkùnrin kan ní, "Mà, tẹ́ ẹ bá jókòó, kò ní pẹ́ ju báyìí lọ." Mo ní tó bá dìde, ó lè yá díẹ̀. Láàárín òkun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù mi lọ. Mo gbé e sókè bíi fìtílà, mo gbé e síta lójú fèrèsé, kò sí nǹkan kan.

Nígbà tí mo tẹ ilẹ̀ Douglas, ẹni kankan ò dá mi dúró. Mi ò lè sọ bí mo ṣe dé ilé ìwòsàn. Mọ́tò wa ló mọ̀. Agbẹ̀bí ṣí ilẹ̀kùn, mo rí Aalish lórí ibùsùn, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ó na ọwọ́ sí mi. Mo fi ọwọ́ mi sínú ẹ̀, ó sì fún un títí tí mo fi gbàgbé pé mo ní ìka.

Nígbà tó rí èémí mí, ó ní, "Dádì ńkọ́?"

"Wọ́n ti rí i nínú kọ̀ǹpútà. Inú ọkọ̀ ni kò tíì sí."

"Ẹ pè é."

Mo pè é, mo sì gbé ohùn rẹ̀ síta. Ó ti wà níwájú tírélà ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Desmond, ó ń jẹ ọ̀dùnkún díndín, ó sì ń kọ́ Desmond bí wọ́n ṣe ń yọ egungun ẹja.

"Aalish! Ṣé ìyá rẹ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

"Ó ti dé, Dádì."

"Ó dáa. Má gbọ́ ohun tó bá sọ, mí dáadáa."

Oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé nígbà tí ọmọ náà dé. Ọkùnrin ni, ó pupa bí ọ̀kàṣà tí wọ́n sè, inú sì ń bí i. Ó ya ẹnu, ó ké. Lórí fóònù, Partan dákẹ́. Kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Mo ní, "Partan?"

Fèrè tírélà Desmond ló dáhùn. Lẹ́yìn náà òmíràn, lẹ́yìn náà òmíràn, títí gbogbo ìlà tírélà ní Heysham fi ń fọn fèrè papọ̀ nínú yàrá ìbímọ ní Douglas.

Agbẹ̀bí fò sẹ́yìn. "Kí ni yẹn?"

"Bàbá rẹ̀ àgbà ni," ni mo wí. "Wọn ò tíì jẹ́ kó wọlé."