Ẹrẹ̀ Abẹ́ Edé

Lẹ́yìn àdúgbò Fadikpe ní Minna, níbi tí ilé ti ń tán lọ, ni Adétutù gbẹ́ kòtò ẹja rẹ̀ sí. Omi odò kékeré kan ló ń fà sínú rẹ̀, ẹja àrọ̀ ló sì ń sìn níbẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò sí wàhálà kankan títí Luqman fi ra ilẹ̀ tó wà lápá òkè odò náà.

Ẹ̀pẹ́ ni Luqman ti wá. Ó ní edé lòun fẹ́ sìn ní Minna níbí. Ó ń da iyọ̀ sínú kòtò tirẹ̀ kí omi ibẹ̀ lè dà bí omi ọ̀sà. Edé náà sì ń dàgbà lóòótọ́. Àwọn èèyàn ń wá wò ó láti Dutsen Kura.

Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ pààrọ̀ omi. Ó ṣí ti àtijọ́, tiyọ̀tiyọ̀, tẹrẹ̀tẹrẹ̀, sínú odò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, gbogbo ẹja Adétutù ti yí ikùn sókè.

Adétutù gòkè lọ bá a. Luqman kò tilẹ̀ dìde lórí àga. Ó ní odò kì í ṣe ogún bàbá ẹnì kankan, pé ẹni tí kò bá lè ṣọ́ ẹja rẹ̀ kó lọ máa ta gúgúrú.

"To, ó dáa," ni Adétutù wí, ó sì yí padà lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kí Luqman tẹ̀ríntẹ̀rín. Bó ti ń kí i ló ń wo kòtò rẹ̀. Luqman ń da oúnjẹ lé oúnjẹ. Èyí tí edé ò bá jẹ ń rì sísàlẹ̀, ó ń jẹrà níbẹ̀. Ẹrẹ̀ náà ti dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Adétutù mọ̀ pé májèlé ló sùn sábẹ́ omi yẹn, pé ẹni tó bá jí i ló máa rí ìjà rẹ̀. Kò sọ ọ́.

Nígbà tó yá, edé kò jẹun mọ́. Luqman fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá Adétutù.

"Ìyá Fàthíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ yín fi ọkọ́ tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa," ló dá a lóhùn, "kí ẹrẹ̀ náà lè mí."

Luqman dúpẹ́ títí ó fi jáde. Wọ́n tú u láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí oòrùn tó kan àtàrí, omi ti dúdú bí omi èédú, edé ń fò sí etí kòtò, àwọn mìíràn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọn ò mira mọ́. Adétutù so gèlè rẹ̀ le, ó lọ dúró ti Luqman.

"Mo mọ ohun tí ẹrẹ̀ yẹn máa ṣe," ló sọ fún un. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ tú u."

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Luqman ti ti ẹnu ọ̀nà pa, ó padà sí Ẹ̀pẹ́. Kò kó òkú edé náà.

Bí oòrùn bá ti mú, òórùn rẹ̀ a sọ̀ kalẹ̀ wá sílé Adétutù. Lọ́jọ́ kan, Fàthíà, ọmọ rẹ̀, sáré lọ pa fèrèsé dé. Ìyá rẹ̀ ní kó ṣí i sílẹ̀, ó fa abọ́ tuwo rẹ̀ mọ́ra, ó sì jẹ ẹ́ tán.

"Màmá, ẹ̀rù yín ti ń bà mí," ni Fàthíà wí.

Adétutù ní kó bá òun bu omi wá kí òun fọwọ́.