Ọkọ Mi Fẹ́ Lọ Gbé Inú Igbó

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni Olúbọ̀dé ọkọ mi sọ fún mi, níwájú ilé wa ní Igando, pé òun fẹ́ fi ilé sílẹ̀ lọ máa gbé inú igbó. Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́. Mo bi í pé igbó wo, torí mi ò mọ igbó tó kù ládùúgbò yìí ju koríko tó hù sórí fẹ́ǹsì aládùúgbò wa lọ. Ó ní ilẹ̀ wa tó wà ní Ayọ̀bọ̀ ni, èyí tí a rà tí a kò tíì kọ́. Òun á fi páànù ṣe àtíbàbà síbẹ̀, òun á jókòó, òun á wá ẹni tí òun jẹ́ gan-an.

"Olúbọ̀dé ni ẹ́," ni mo dá a lóhùn. "Ọkọ Ọláwùmí. Tísà físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì. Ó tán. Wá bá mi ṣa ẹ̀wà."

Kí ẹnikẹ́ni má bú mi pé mò ń pe ọkọ mi ní "ìwọ". Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni a ti pàdé, kíláàsì kan náà ni a wà, mo sì máa ń gba máàkì jù ú lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fa gbogbo wàhálà yìí. Láyé ìgbà tí àwọn tísà ará Íńdíà pọ̀ nílé ìwé girama ní Èkìtì, Ọ̀gbẹ́ni Náírì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹyin pàápàá, àwa sì rò nígbà náà pé inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó padà sílùú rẹ̀, a gbàgbé rẹ̀. Àfi bó ṣe rí ọkọ mi lórí Fesibúùkù lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ojú àwọn méjèèjì ti wà nínú fóònù nìyẹn.

Ohun tí Náírì ń sọ kò burú létí. Ó ní ara èèyàn dà bí aṣọ. Tó bá gbó, ẹni tó wọ̀ ọ́ á bọ́ ọ sílẹ̀, á wọ òmíràn. Iná kò lè jó ẹni yẹn, omi kò lè rin ín, a kì í bí i, kì í sì í kú. Ó ní ayé tí à ń fojú rí yìí, ìbòjú ni. Ẹni tó wà lẹ́yìn ìbòjú nínú èmi, nínú ìwọ àti nínú ewúrẹ́, ọ̀kan náà ni, kò sì yàtọ̀ sí Ẹni Ńlá tó ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, mo gbọ́ ọ, mo ní ó dáa, ẹni tó bá fẹ́ ronú kó máa ronú.

Bí ọkọ mi ṣe ń lò ó ló ń bí mi nínú. Bí atẹ́gùn bá gbé òórùn ààtàn wá, tí mo ń sáré ti fèrèsé, á ní imú ló ń gbóòórùn, òun kì í ṣe imú. Bí òrùlé bá ń jò, èmi á máa gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kiri, òun á jókòó pé omi kò lè rin òun. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, ẹni tí kì í ṣe ara yẹn ló máa ń kọ́kọ́ dé ìdí tábìlì.

Igbó yìí náà, láti ọ̀dọ̀ Náírì ló ti wá. Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, èèyàn á kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn náà á gbéyàwó, á tọ́mọ. Bí irun rẹ̀ bá wá funfun, tó sì ti rí ọmọ ọmọ, kó gbé ilé fún àwọn ọmọ, kó lọ sínú igbó lọ wá ohun tí kì í kú. Jésùtóbi ọmọ wa ti bímọ. Irun ọkọ mi, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù, ti funfun.

"Èmi ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ilé wà fún ẹ. Tóbi á máa wá wò ẹ́."

"Ta ló wá fẹ́ mi? Ara yẹn ni, àbí ẹni tó wọ̀ ọ́?"

Ó ronú bíi pé akẹ́kọ̀ọ́ ló bi í ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání. "Aṣọ ló fẹ́ aṣọ, Láwùmí."

Ó dùn mí wọra. Mo fi ẹ̀wà sílẹ̀, mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún. Ìbínú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló pọ̀ jù. Mo ti fọkàn sí i pé àwa méjèèjì la jọ máa darúgbó, kí ó máa wá jígí ojú rẹ̀ kiri, kí n máa bú u. Bí kò bá sí nílé, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ máa bú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, fóònù rẹ̀ dún nígbà tó wà ní balùwẹ̀. Mo gbé e. Náírì yọ lójú fóònù, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun.

"Ẹ káalẹ́ o, Ìyáàfin!" Kò tíì gbàgbé Yorùbá.

Òyìnbó ni mo fi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìbínú mi, ti Èkìtì ni. "Ọ̀gbẹ́ni Náírì, ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin náà ti já a jù sílẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó yí fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá arúgbó kan jókòó síbẹ̀, ó juwọ́ sí mi. Náírì ní àwọn ti gbé ilé fún ọmọkùnrin àwọn, àwọn méjèèjì jọ kó lọ sí ilé kékeré kan lẹ́bàá odò ni. "Bí ìyàwó bá fẹ́, wọ́n jọ máa ń lọ ni. Mo sọ ọ́ fún Olúbọ̀dé, mo tún un sọ."

Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ mi jáde, táwẹ̀lì nídìí, ọṣẹ létí. Ó wo fóònù, ó wo ojú mi, ó mọ̀ pé àṣírí ti tú.

"O ò sọ fún mi pé mo lè bá ẹ lọ."

"Láwùmí, jẹ́ n wọṣọ ná."

"Ṣebí ìwọ lo ní ara ni aṣọ? O ti wọṣọ. Sọ̀rọ̀ jàre."

Ó jókòó. Ó fọwọ́ nu ọṣẹ etí rẹ̀. "Mo ní ká kó lọ sí Sókótó nígbà yẹn, o ní rárá. Mo ní kí n máa sin oyin, o ní rárá. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní ká jọ lọ síbi tí mo ti fẹ́ lo ìyókù ayé mi, tí o bá tún ní rárá, mi ò ní lè gbé e. Ìyẹn ni mo ṣe sọ pé aṣọ ni wá."

Nínú fóònù, Náírì wúkọ́, ó sì pa ìpè náà.

"Bi mí," ni mo wí.

"Ṣé wàá bá mi lọ?"

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ wo ilẹ̀ yẹn."

A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ayọ̀bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Wọ́n ti kọ́lé yí ilẹ̀ wa po. Igi máńgòrò kan àti koríko ló ṣẹ́kù nínú igbó ọkọ mi. A tẹ́ ẹní sábẹ́ igi. Ó fi ìrora ká ẹsẹ̀ jọ, ó dijú bí Náírì ṣe kọ́ ọ. Èmi náà jókòó, mo ń dúró de ìgbà tí màá rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi sùn lọ, tó ń hanrun.

Mo ń wo ewé. Ọmọ kan ń ka ìsọdipúpọ̀ nílé kejì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà wá sí mi lọ́kàn, ó kọjá; ti Tóbi wá, ó kọjá. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé mo rí i pé ẹnì kan wà tó ń wo gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ẹni yẹn ló wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń fo okùn lọ́mọdé ní Ìkọ̀lé. Òun ló wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń rọbí Jésùtóbi. Orúnkún kì í dùn ún, kò sì dàgbà rí. Mo wo ọkọ mi tó la ẹnu sílẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo parí sí àti ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù bà mí.

"Yéè! Ìjàlọ!" Ọkọ mi fò dìde. "Láwùmí, ó yá, ká máa lọ sílé. Ẹ̀yìn ń ro mí, ebi ń pa mí. Mi ò ṣe mọ́, o ti borí."

Yẹ̀yẹ́ tí mo fẹ́ fi í ṣe ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

"Jókòó," ni mo wí. "Jókòó díẹ̀ sí i, má sọ̀rọ̀."

Ó wò mí, ó wò mí. Ó jókòó tì mí, ó gbọn ìjàlọ kúrò lẹ́sẹ̀ mi, mo sì gbọ́ owú nínú ohùn rẹ̀.

"Láwùmí, kí lo rí?"