Ẹni Tó Wa Pontiac Pupa

Gbogbo ọ̀sán Sátidé nígbà ooru làwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ máa ń pàdé níwájú ilé oúnjẹ kan ní ìlú Toledo, l'Amẹ́ríkà. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, wọ́n á jókòó, irọ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Delmar Stanek ló mọ̀ ọ́n pa jù. Bó bá ti fọwọ́ lé Pontiac pupa rẹ̀, tó ní, "Lọ́jọ́ témi àti Virgil fi ọkọ̀ sáré…", Wilma ìyàwó rẹ̀ á fa òwú tó fi ń hun súwẹ́tà yọ, á sì tẹjú mọ́ ohun tó ń hun.

Ìtàn náà dùn. Ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà náà, ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù lọ́nà ẹ̀yìn iléeṣẹ́ tòmátò, eruku nìkan ló kù fún Virgil.

Ibi tó ti burú ni pé Delmar kọ́ ló wa ọkọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbéra, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí ibà mú. Wilma, ọmọ awakọ̀ àjàgbé, ni Delmar bẹ̀ kó bọ́ sídìí síárìn. Ó dé fìlà rẹ̀ fún Wilma kí wọ́n má bàa dá a mọ̀, Delmar fúnra rẹ̀ lóṣòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dijú. Nígbà tí wọ́n ti borí, tí wọ́n yà ní kọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò ti rí wọn, wọ́n pààrọ̀ àyè, Delmar sì làwọn èrò gbé sọ sókè. "Màá sọ òótọ́ lọ́la," ló wí. Wilma gbà. Ọ̀la yẹn ò dé títí wọ́n fi hu ewú.

Ní Sátidé yìí, ta ló yọ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́? Virgil ni, tó ti kó lọ sí Arizona láti ọjọ́ pípẹ́.

"Delmar, ọkùnrin ogun! Mi ò tíì rí awakọ̀ bíi tìẹ rí láyé mi." Ó kọjú sí Wilma. "Ìyàwó wa, ṣé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Mo wà níbẹ̀," ni Wilma wí, ó ń hun súwẹ́tà rẹ̀ lọ.

Ojú ti Delmar dé egungun. Ó dìde. "Virgil, èmi kọ́ ni mo wà á. Wilma ni."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Delmar mà ń ṣe yẹ̀yẹ́ o!" Virgil gbá itan ara rẹ̀. "Wilma kẹ̀? Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ kí n má bàa ní ká tún eré náà sá ni?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ bá ti Delmar lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó dá a mọ̀. Ó na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí ìyàwó rẹ̀. "Jọ̀ọ́, wà á, kí wọ́n rí i."

Wilma wo kọ́kọ́rọ́, ó fọwọ́ pa orúnkún òsì rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yìí ò lè tẹ kúlọ́ọ̀ṣì mọ́, Delmar. Nígbà tó lè tẹ̀ ẹ́, o ò fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Delmar ló wa ọkọ̀ lọ sílé. Àwọn èèyàn ń juwọ́ sí i lójú ọ̀nà, wọ́n ń hó yèè, kò sì lè wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí.