Ojú Kan Là Ń Fi Wo Pákó

Ìgbín ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé wọn, nítorí pé bí àlejò bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, yàrá ló ń sá wọ̀. Ìgbín yìí kan náà ló wá lọ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò. Orí ló mọ iṣẹ́ àṣelà, àbí kí la fẹ́ wí? Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú gan-an ló ń sá fún. Odidi ọdún kan ló fi ya òdòdó, ológbò àti ṣíbí. Yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀, kò tíì ya ènìyàn kankan rí.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó wá ya bàbá òun ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wọn, kò rí ibi sá sí. Ojú bàbá náà ti ń ṣókùnkùn. Dókítà ti ní kó jìnnà sí ayùn, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò náà ló sì máa lò kẹ́yìn nídìí iṣẹ́ tó ti fi ogójì ọdún ṣe. Bí aago méjìlá bá ti lù, ilé ló ń lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí, tó ń gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀, fẹ́ fọ́tò tó máa gbé kọ́ ara ògiri.

"Ọ̀kan péré," ni obìnrin náà wí. "Kó ṣáà jọ bàbá mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìgbín dúró níta ṣọ́ọ̀bù, ó yẹ bátìrì kámẹ́rà wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kó tó wọlé, àwọn káfíńtà ti ṣe é lóore tí kò bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ya àwọn ní fọ́tò, ni wọ́n bá gbá gbogbo eérún pákó dànù, wọ́n kó ayùn àti òòlù sábẹ́ tábìlì, wọ́n sì fi aṣọ bo àga tí wọn ò tíì kàn tán. Àwọn géńdé mẹ́ta fi ìpara ra ojú títí tó fi ń dán. Wọ́n fi bàbá sáàárín, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n sì na ọwọ́ tọ́ọ́rọ́ bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Ibi tí wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn wá di yàrá àlejò tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sí.

Ìgbín mọ̀ pé kò dáa. Ó yẹ kó ní kí wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ta ni òun tí òun máa pàṣẹ fún àgbà? Ó fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn, ó ya ogún fọ́tò, kò sì wojú ẹnì kankan nínú wọn.

Ọmọ bàbá gba kámẹ́rà, ó wò ó. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dun Ìgbín.

"Àbúrò mi, ta nìyí?"

"Bàbá ni, mà."

"Bàbá tèmi kì í dúró báyìí. Ẹni tí kì í tiẹ̀ dúró rárá." Ó dá kámẹ́rà padà fún un, ó wo aago. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù.

Omijé lé ròrò sójú Ìgbín. Ó ti ń kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì nígbà tí bàbá fọwọ́ tọ ara ògiri wá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ojú ń tì ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi náà, ojú ń dùn mí. Kò sẹ́ni tójú ẹ̀ gbádùn nínú àwa méjèèjì."

Àwọn géńdé rẹ́rìn-ín. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fa pákó kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Ṣé ó tọ́, àbí ó wọ́?"

Ìgbín nà án síwájú, ó wò ó. "Ó tọ́, sà."

"O jìnnà sí i. Àlejò ló ń wo pákó bẹ́ẹ̀. Gbé orí ẹ̀ sún mọ́ ojú, di ojú kan, kó o wò ó dé ìdí. Pákó kì í bínú pé a tẹjú mọ́ òun. Ta ló tún ráyè tẹjú mọ́ ọn?"

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, pákó náà tẹ̀ díẹ̀ láàárín. "Ó wọ́, sà," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju bó ṣe rò lọ.

"Ó yá, di ìdí ẹ̀ mú fún mi, kí èmi náà wò ó."

Àwọn géńdé wo ara wọn. Ó ti pẹ́ tí bàbá ti wo pákó gbẹ̀yìn. Ó gbé e sójú, ó di ojú kan, ó tẹ̀ síwájú. Eérún pákó dà sára aṣọ tuntun rẹ̀, kò sì gbọ̀n ọ́n nù. Ara rẹ̀ tó le láti àárọ̀ wá rọ̀ wọ̀ọ̀. Ìgbín fi ọwọ́ kan di pákó mú, ó fi èkejì gbé kámẹ́rà, òun náà di ojú kan.

"Ṣé ẹ rí i, sà?"

"Mi ò rí ibi tó wọ́ mọ́, ọmọ mi," ni bàbá wí jẹ́jẹ́. "Mo kàn ń rí nǹkan kan tó dúró ní ìdí ẹ̀."

"Èmi ni, sà." Kò gbójú kúrò. Ó tẹ kámẹ́rà.

Ọmọ bàbá tún gba kámẹ́rà, ó wò ó. "Bàbá mi rèé," ni ó wí, ó sì fi etí ìró nu ojú. Ó dá kámẹ́rà padà fún Ìgbín. "Sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún bàbá. Wọn ò lè rí i."

Ìgbín jókòó ti bàbá, èjìká kan èjìká. Ó sọ nípa pákó, nípa eérún tó wà lára aṣọ, àti ojú kan tó là sílẹ̀, tó ń wo ọ̀kánkán. Láyé rẹ̀, kò bá àlejò sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ṣé ó tọ́?" ni bàbá bi í.

"Mo sún mọ́ ọn, sà," ni Ìgbín dáhùn. "Ó tọ́."