Iná Yẹ́lò ní Ìdajì Òkè

Awakọ̀ wa ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Dúró-Ná ni gbogbo wa ń pè é ní ilé ìwòsàn. Kò sí ohun tó kéré tó tí kò lè tìtorí rẹ̀ dúró. Bí táyà bá gun òkúta, á dúró. Bí òórùn kan bá kọjá nímú rẹ̀, á dúró, á sọ̀ kalẹ̀, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á tún dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì inú áńbúláǹsì, tí sùúrù kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ni wọ́n wá so mọ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Mo ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sun mátíróònù títí ó fi sú mátíróònù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wà lórí ibùsùn ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọmọ ìyá mi ni, òun ló pọ̀n mí dàgbà. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní oríta tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti máa ń yí jíà kí wọ́n tó kọjú sókè. Ikọ́ fée ti ń bá a fínra tipẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ògbólógbòó kan ló kú síwájú ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú àti jí i, bẹ́ẹ̀ ló ń da èéfín dúdú wọlé bá a nídìí máṣíìnì, títí ó fi dojú bolẹ̀ lórí aṣọ tó ń rán. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí àwọn aládùúgbò gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Dókítà wa fún un ní gbogbo oògùn tó wà ní ìkáwọ́ wa, èémí náà kò tú. Ó ní ká máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà lórí òkè, níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń báni mí.

"Ẹ má fi falẹ̀ rárá o," ni dókítà wí. Dúró-Ná ló sì ń wò bó ti ń sọ ọ́.

Ká ní ọkọ̀ àtijọ́ wa la fẹ́ gbé e sí ni, ǹ bá ti fi ara mi dènà. Dísẹ́ẹ̀lì ni ìyẹn náà ń mu, àmọ́ bó bá ti jí báyìí, gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń bá a wúkọ́. Àwọn fèrèsé tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé e sí kì í ṣí. Kọ́tìnnì wọn dúdú, bá a sì fọ̀ ọ́ lónìí, á tún dúdú lọ́la. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé n kì í lè fi rọ́bà etí mi gbọ́ àyà aláìsàn. Ṣe ni mo máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà kí n lè mọ̀ bóyá ó ń mí. Ọkọ̀ tuntun yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Epo tó ń gbé ìyẹn gòkè lásán, á gbé èyí lọ, á gbé e bọ̀, á tún ṣẹ́kù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í bú bí ẹranko. N kò sọ pé kò ní èéfín rárá o, ọkọ̀ ni, kì í ṣe òdòdó. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn wa ti ń ṣí fèrèsé báyìí.

A jáde. Dúró-Ná wà níwájú, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn, fèrèsé kékeré tó wà láàárín wa wà ní ṣíṣí. Mo fi ìbòmú ọ́síjìn bo ẹ̀gbọ́n mi nímú, mo sì fi rọ́bà etí mi sí i láyà. Ó ń súfèé nínú bí ìkòkò omi tó fẹ́ hó. Ojú rẹ̀ wà lójú mi. Kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn di ọwọ́ mi mú bí ìgbà tí ó ń mú mi sọdá títì nígbà tí mo kéré.

A ti dé ìdajì òkè, níbi tí títì ti rí kọ́lọkọ̀lọ, nígbà tí Dúró-Ná pè mí.

"Nọ́ọ̀sì, iná ti tàn o."

"Iná wo?"

"Èyí tó yẹ́lò níwájú mi níbí yẹn. Nǹkan sì ń rùn. Ẹ jẹ́ n dúró ná."

Kí n tó lanu, ó ti yà sétí títì, ó sì ti pa ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ dákẹ́ lọ lọ lọ. Ìbẹ̀rù mú mi, inú sì bí mi, n kò mọ èwo ló ṣáájú.

"Ẹ tan ọkọ̀ yìí."

"Ó gbóná, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, ká má lọ..."

"Ẹ ní kó tutù? Ṣé ẹ̀bà lẹ fẹ́ jẹ ni? Ẹ tan ọkọ̀ yìí jọ̀ọ́."

Mo mọ ohun tí iná náà jẹ́. Èmi àti òun la jọ jókòó lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì tó gbé ọkọ̀ náà wá ń ṣàlàyé. Ó ní asẹ́ kan wà lára sàlẹ́ńsà rẹ̀, irin tí èéfín ń gbà jáde. Gbogbo ẹ̀gbin dúdú tí ọkọ̀ àtijọ́ máa ń tú síta fún aráyé mí símú, asẹ́ yìí ló ń gbà á dúró. Tí asẹ́ bá ń kún, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á sun ẹ̀gbin náà dànù. Ooru ló fi ń sun ún, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rùn. Ó ní tí iná bá yẹ́lò, ẹ máa lọ, kí ẹ́ńjìnnì máa yí kíkankíkan, ẹ má pa á. Tó bá pupa, ẹ dúró. Ó tún ní bí asẹ́ bá kún jù, ọkọ̀ á fọwọ́ ara rẹ̀ dín agbára rẹ̀ kù, á sì máa rákò. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi yékéyéké nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Ní ìdajì òkè, tí òórùn yẹn wá ń wọlé bá wa, kò tún dá mi lójú mọ́. Mo gbé fóònù kí n pe mẹkáníìkì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí.

"Ẹ gbọ́," mo ní, "iná yìí ti ń tàn tẹ́lẹ̀?"

"Ó máa ń tàn."

"Kí lẹ wá máa ń ṣe?"

"Mo máa ń pa á ni. Mo máa ń dúró kó tutù dáadáa kí n tó tún wà á. Mò ń tọ́jú ẹ̀ ni."

Ìgbà yẹn ni orí mi wú. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ara rẹ̀ mọ́ ni Dúró-Ná ń pa á. Inú ìlú la sì ti máa ń wà á jù, kò tíì gbóná dáadáa tá a ti máa ń débi tá à ń lọ. Àánú ọkọ̀ ló fi ń di asẹ́ náà pa. Bó bá lọ kún jù lórí òkè yìí, ibi tá a máa sùn nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi ò sì ní sùn kó jí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó kù tó lè wá gbé wa ni ti àtijọ́, èéfín rẹ̀ sì ni kò ní jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi dókè láàyè.

Mo sọ fún un. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú èébú tí n kò lè tún sọ níbí. Mo ní bí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa ṣọ́ òkúta kó má lọ, kí wọ́n gbà á síṣẹ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí ọkọ̀, ó ń wo etí títì.

"Ibí yìí náà ni," ó ní. "Ọkọ̀ àtijọ́. Mo gbé obìnrin kan, ọkọ ẹ̀ wà pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́yìn. Sàlẹ́ńsà bẹ́ lábẹ́ ọkọ̀, gbogbo èéfín ń wọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Nǹkan ń rùn sí mi, mo ní kò burú, ọkọ̀ tó ti dàgbà ni. Mi ò dúró, Nọ́ọ̀sì. Òkú àwọn méjèèjì ni mo gbé dókè."

N kò gbọ́ ọ rí. Láti ìgbà tí mo ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ó dùn mí, ó sì tún bí mi nínú pé ọjọ́ yẹn gan-an ni mo wá gbọ́, torí ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi èjìká mí.

"Ẹ gbọ́ mi," mo ní. "Tèmi tẹ̀gbọ́n mi la wà lẹ́yìn níbí. Bí èéfín bá wọlé, èmi ni n ó kọ́kọ́ wúkọ́. N ó máa sọ̀rọ̀ láti ibí títí a ó fi débẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ ohùn mi, ẹ máa lọ. Bí mo bá dákẹ́, ẹ dúró."

Ó ronú sí i. Bó ṣe ń ronú, mo fẹ́ fi ìbínú fọ́ fèrèsé náà. Lẹ́yìn náà ló tan ọkọ̀.

Ó fi jíà tó máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí dáadáa, a sì kọjú sókè. Òórùn gbígbóná náà le sí i, àmọ́ ìta ló ti ń wá, kò sí èéfín lẹ́yìn lọ́dọ̀ wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá ní kí n tún un sọ, ojú á tì mí. Mo sọ̀rọ̀ ẹ̀wù tí ẹ̀gbọ́n mi rán fún mi tí apá kan gùn ju èkejì lọ. Mo ní ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá má ti wọ̀ ọ́ lọ ṣe ìdánwò. Mo sọ̀rọ̀ mátíróònù. Mo ka orúkọ gbogbo oògùn tó wà nínú àpótí. Mo sọ fún Dúró-Ná pé bó bá tún yà sétí títì, èmi ni n ó fẹ́ ọkọ mìíràn fún ìyàwó rẹ̀.

"Mò ń gbọ́ yín," ló ń sọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. "Mò ń gbọ́ yín."

Òkè náà ga, síbẹ̀ ọkọ̀ náà ń fà wá lọ bí ẹni tí kò mọ̀ pé òkè ni. A kọjá àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń rọ́jú gòkè. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé a ti yọ, nígbà tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi tú kúrò ní ọwọ́ mi.

Mo fi rọ́bà sí etí. Súfèé inú àyà rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ara ti ń yá a. Nínú ikọ́ fée, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló burú jù, torí atẹ́gùn kò wọlé mọ́, kò sì jáde mọ́. Ká ní ọkọ̀ àtijọ́ ni, ǹ bá má mọ̀. Mo fa abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn tí dókítà kó lé mi lọ́wọ́, mo gún un sí itan rẹ̀. Mo gbé ìbòmú kúrò, mo fi bálúù rọ́bà tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síni nínú bò ó nímú, mo sì ń rọra tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè ríbi gbà. Àyà rẹ̀ le bíi pákó. Mo ń tẹ̀, mo ń dúró kó jáde, mo tún ń tẹ̀. Nínú ọkàn mi ni mo ti ń pè é, n kò rántí ẹnu mi mọ́.

Ó pẹ́ kí ara rẹ̀ tó gbà á. Súfèé náà kọ́kọ́ wá tíntín, ó sì wá le, ó gba gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ kan, burúkú burúkú, bí ìlẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí. N kò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó o rí.

Nígbà tí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, àwọn èèyàn ilé ìwòsàn ńlá ló ṣí i. Wọ́n gba ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mi, wọ́n sáré gbé e wọlé. Mo dúró sí kọ́rídọ̀ títí dókítà wọn fi jáde. Ó ní ẹ̀rọ ti ń bá a mí, ó ti ń fọwọ́ júwe pé ẹ̀yìn ń dun òun. Ó ní bá a bá tún pẹ́ díẹ̀ lọ́nà, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Lẹ́yìn náà ni mo jáde lọ wá Dúró-Ná. Ó ṣì wà nídìí ìdarí, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè," mo ní.

Ó mi orí. "Iná ti kú. Ó kú nígbà tá a fẹ́ débí. Mi ò fẹ́ pa ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde."

Ìgbà yẹn ni mo wá rántí àdéhùn wa.

"Mo dákẹ́ lọ́nà," mo ní. "Ó sì pẹ́. A ti jọ sọ ọ́ pé bí mo bá dákẹ́, kẹ́ ẹ dúró. Kí ló dé tẹ́ ò dúró?"

"Mo fẹ́ dúró. Ẹsẹ̀ mi ti wà lórí bíréèkì. Mo wá gbọ́ wọn."

"Gbọ́ ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n yín. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Mo wá ní, bí wọ́n bá ṣì ń mí, èéfín ò wọlé bá yín nìyẹn, kí n máa lọ."

Mo ṣí ìlẹ̀kùn kejì, mo jókòó tì í. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ọkọ obìnrin ọjọ́ yẹn," ó ní, "ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu irin tó wà láàárín wa kó tó dákú. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ ẹ̀ wà lára irin náà, ó pọ̀. Ẹ̀yìn orí mi níbí ló ti ń lù ú, Nọ́ọ̀sì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi wá sọ fún wa pé áńbúláǹsì mìíràn ń bọ̀, ká sún síwájú.